Bíà kíkan tí a fi èso àjàrà pọn: ibo ni kíkan rẹ̀ ti wá?

Èdè wa gan-an ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ pé inú "ọtí kíkan" ni wọ́n ti kànìnkànìn bọ̀, tí wọ́n fi kan Jésù lẹ́nu lórí àgbélébùú. Ohun tí à ń pè ní fínígà lónìí nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnìkan ní Iléṣà bá ní bíà kíkan lòun ń pọn, tó tún ní òun máa da èso àjàrà sí i, àwọn tó wà níjòókòó á pín sí méjì. Àwọn kan á ní bíà rẹ̀ ló bàjẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́wọ́, àwọn tó kù á ní wáìnì ló ń ṣe. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Bíà ni, torí ọkà ni wọ́n fi pọn ún. Ó kan, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un kan kó tó di ọtí rárá. Àjàrà kọ́ ló sì mú un kan.

Kíkan méjì ló wà, ahọ́n wa sì mọ méjèèjì. Ọ̀kan ni ti omidùn, omi tó máa ń lé sórí ògì. Ẹ tọ́ ọ wò: ó kan, ó tutù, kò ta, ẹ sì lè mu odidi ife kan. Ásíìdì láktíìkì nìyẹn. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń ṣe é. Ṣúgà ni oúnjẹ wọn, wọn ò sì nílò atẹ́gùn. Èkejì ni ti ẹmu tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta: ẹ ò tíì gbé igbá dé ẹnu tó ti ta yín nímú. Ásíìdì asẹ́tíìkì nìyẹn. Bakitéríà mìíràn ló ń ṣe é, ọtí gan-an ni wọ́n ń jẹ, wọn ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ti omidùn là ń wá, ti ẹmu àpatì là ń sá fún.

Kí wá ni àjàrà ń ṣe níbẹ̀? Gréèpù, ìyẹn èso àjàrà, tí à ń rà lọ́jà máa ń ní ṣúgà tó bíi gíráàmù 16 nínú 100. Yíìsì, ohun tó ń sọ ṣúgà di ọtí, á jẹ ṣúgà yẹn tán. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni òórùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ásíìdì díẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, àti tánìn, ìyẹn ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí a bá jẹ èèpo agbálùmọ̀. Kò sọ bíà di ọtí líle bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí bíà bá jẹ́ lítà 10, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a da kílò 2 gréèpù sí i, omi tí a máa rí lára gréèpù náà kò ju lítà 1.3 lọ. Ká ní omi yẹn nìkan la fi ṣe wáìnì, bóyá ni yóò fi ju ìdá 9 lọ. Tí a bá wá pa méjèèjì pọ̀, ìdá 4.5 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Gbogbo ariwo àjàrà, ìdajì ìdá kan péré ló fi kún un.

Kì í ṣe àṣà òní. Nínú ibojì kan ní Gordion, nílẹ̀ Tọ́kì, tí wọ́n kà sí ti ìdílé ọba Midas, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ kí a tó bí Jésù, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ìyókù ohun mímu kan nínú àwọn ìkòkò. Àmì ọkà báálì wà nínú rẹ̀, ti oyin wà, ti àjàrà náà sì wà. Ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, ilé ìpọntí Cantillon ní Brussels, tó ti wà láti 1900, máa ń rẹ èso àjàrà sínú bíà kíkan wọn. Ọ̀nà tiwọn gùn: wọ́n á tẹ́ omi ọkà, ìyẹn omi dídùn tí a fà jáde lára ọkà, sílẹ̀ mọ́jú kí ohun tó wà nínú atẹ́gùn bọ́ sí i, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá onígi fún ọdún kan sí mẹ́ta. Òtútù Brussels ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gbé omi ọkà síta mọ́jú ní Ilé-Ifẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò dà á nù. Ọ̀nà kúkúrú ló bá ilé tiwa mu: ọjọ́ méjì láti mú un kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti parí rẹ̀.

Ọkà wo? Ọkà bàbà. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọ Nàìjíríà ní 1988, òun àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí yíjú sí. Kílò 3 ọkà gbígbẹ máa tó fún lítà 10 bíà. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 24, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò tó mọ́ tó sì tutù, kó má nípọn ju ìka méjì lọ, ẹ bo orí rẹ̀. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ sì máa fi ọwọ́ yí i kó má baà gbóná. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún yóò ti yọ gbòǹgbò àti èhù dáadáa. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi máa ró ṣaworo.

Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Èhù àti gbòǹgbò ọkà bàbà ní ohun kan tó máa ń di sáyánáìdì nínú, irú májèlé tó wà nínú gbágùúdá tútù. Kí ẹ tó lọ ọkà náà, ẹ fi ọwọ́ ra á títí gbòǹgbò àti èhù á fi já kúrò, kí ẹ sì fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ má dá gbòǹgbò àti èhù yẹn padà, ẹ má fún adìyẹ. Bí apá kan ọkà náà bá bu, tó yọ irun aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù, torí sísè kì í pa májèlé èébu. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn fífẹ́ máa tó kílò 2.5.

Ọkà bàbà ní ìwà kan tí báálì kò ní. Ooru tó ń sọ sítáàṣì rẹ̀ di ẹ̀kọ, bíi dígírì 70 àti jù bẹ́ẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti pa ẹ́ńsáìmù, ohun tí ọkà ṣe jáde nígbà tó ń hù, tó yẹ kó sọ sítáàṣì ọ̀hún di ṣúgà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń se ọkà híhù tí kò sì dùn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńsáìmù pamọ́. Ẹ lọ ọkà náà, kó má kúnná bí èlùbọ́. Ẹ pò ó mọ́ lítà 12 omi tó wà ní dígírì 45, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láìrò ó. Omi tó bá rò sókè, ẹ rọra bu bíi lítà 4 nínú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ́ńsáìmù wà nínú ìyẹn. Ẹ gbé ìyókù kaná, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30 bí ẹni ro ẹ̀kọ, ẹ máa rò ó kó má baà jó nídìí. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó tutù dé dígírì 75, kí ẹ wá da omi àkọ́kọ́ yẹn padà. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ wá sí dígírì 65. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ gbé e padà sórí iná díẹ̀. Kó má ju 68 lọ. Ẹ fi aṣọ nípọn wé ìkòkò, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti di ṣúgà? Ẹ ra áyódíìnì kékeré ní ilé oògùn. Ẹ kán omi ọkà kan sórí àwo funfun, ẹ kán áyódíìnì sí i. Bó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí sí i. Bó bá dúró ní àwọ̀ tíì, ó ti jinná. Ẹ da èyí tí ẹ fi dán an wò nù. Ẹ wá fi asẹ́ ògì sẹ́ ìyókù, kí ẹ fi lítà 3 omi gbígbóná ṣan ìdọ̀tí rẹ̀. Ọkà bàbà kò ní ìyàngbò bíi ti báálì, nítorí náà sísẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́. Sùúrù ni, ẹ má fi agbára fún un. Ẹ se omi ọkà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì kù sí lítà 11. Haidirómítà, ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú omi ṣe pọ̀ tó hàn, yẹ kó kà á sí 1.040 sí 1.045 bó bá ti tutù. Bí kò bá tó, gíráàmù 100 ṣúgà nínú lítà 10 á gbé e sókè ní nǹkan bíi 0.004.

Ó ku kí a mú un kan. Àwọn ará òkè òkun máa ń ra bakitéríà nínú páálí. Àmọ́ Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Lactobacillus plantarum, èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀pọ̀ páálí ọ̀hún, wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú ògì. Ẹ wá omidùn ògì tí ẹ fúnra yín rẹ, ti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí òórùn rẹ̀ mọ́, tí kò ní èépá lójú. Mílílítà 300 tó fún lítà 10.

Kí ẹ tó dà á sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ọkà díẹ̀díẹ̀ títí pépà pH á fi kà 4.5. Òṣùwọ̀n kíkan ni pH: bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó. Bí a kò bá ṣe èyí, láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tí Lactobacillus ń palẹ̀ mọ́, àwọn bakitéríà búburú á ti jókòó sórí oúnjẹ. Àwọn ló ń mú kí ó máa rùn bí èébì. Bí omi ọkà bá wá sí dígírì 35, ẹ da omidùn sí i, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ lé ojú omi náà gan-an kí atẹ́gùn má ráyè, ẹ dé e, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà tàbí ike oúnjẹ ni kí ẹ lò. Ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù kò dára, torí ásíìdì á máa jẹ ẹ́. Ní wákàtí 18 ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pépà wò ó. Bó bá dé 3.4, ó ti tó. Ó máa ń wáyé láàárín wákàtí 24 sí 48, ọyẹ́ sì lè fi ọjọ́ kan kún un.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé a ò lè kúkú da omidùn sínú bíà ìgò, irú èyí tí wọ́n ń pọn ní Iléṣà níbẹ̀ láti 1978. Kò ní ṣiṣẹ́. Òdòdó hópù tó ń mú bíà ìgò korò ń dá ọ̀pọ̀ Lactobacillus lọ́wọ́ kọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yíìsì ti jẹ ṣúgà ibẹ̀ tán. Ìdí kan náà ni a kì í fi fi hópù sí omi ọkà yìí kó tó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ìkorò àti kíkan kì í bára wọn gbé. Tiwa ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Bó ti kan tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 15. Èyí á pa bakitéríà tó mú un kan, kíkan náà á sì dúró síbi tó wà. Ẹ jẹ́ kó tutù wá sí dígírì 28, kí ẹ wá fi yíìsì sí i. Páálí kan ti bíà, gíráàmù 11, èyí tí wọ́n ṣe fún lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ lò tán fún lítà 10, torí kíkan ń ni yíìsì lára. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Èyí tí wọ́n ń pè ní kveik, láti Nọ́wè, ló bá ojú ọjọ́ wa mu jù. Ó gba dígírì 30 sí 40 láìsí wàhálà. Àwọn yòókù fẹ́ bíi 20, àfi kí ẹ gbé ike wọn sínú ọpọ́n omi, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Yíìsì búrẹ́dì á ṣe é, ṣùgbọ́n ọtí náà á máa rántí búrẹ́dì.

Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí híhó bá ti rọlẹ̀, ni àsìkò àjàrà. Kì í ṣe kó tó di ọtí. Ọtí àti kíkan tó ti wà nílẹ̀ ló ń dáàbò bo àjàrà lọ́wọ́ ohun tí a kò pè.

Ẹ mú gréèpù kan lọ́wọ́, kí ẹ wò ó. Ìdà funfun kan wà lára rẹ̀ bí àtíkè. Yíìsì inú igbó sábà máa ń wà lára èèpo níbẹ̀. Ẹ bó èèpo rẹ̀: inú rẹ̀ funfun, ìbáà pupa bí ẹ̀jẹ̀ lóde. Nítorí náà inú èèpo ni gbogbo àwọ̀ wà, ẹni tó bá fún omi rẹ̀ nìkan sínú bíà kò ní rí àwọ̀ gidi. Bó bá ní kóró, ẹ má jẹ́ kó fọ́, torí ìkorò inú rẹ̀ kì í lọ. Gréèpù wáìnì gidi kéré, èèpo rẹ̀ yi, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń tó 22 sí 25 nínú 100. Èyí tí à ń rí nínú fíríìjì àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ti jíjẹ ni, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá. Ó ṣeé lò, ẹ ṣáà ra èyí tó dúdú, tí òórùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sábà máa ń fi pépà tó ń tú sọ́fọ̀ (gáàsì imí-ọjọ́) jáde sínú páálí rẹ̀ kó má baà bu lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Gíráàmù 200 fún lítà kan ni òṣùwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ 100, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àjàrà débẹ̀. Bó bá kọjá 300, tánìn á gba ẹnu, ẹ ó sì pàdánù bíà púpọ̀ sínú ìdọ̀tí. Ẹ já gbogbo rẹ̀ kúrò lára igi, ẹ kó o sínú fíríísà mọ́jú kí yìnyín fa inú èèpo ya, ẹ yọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Fíríísà kì í pa yíìsì igbó. Fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé e sórí iná jẹ́jẹ́ dé dígírì 70 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Òórùn á dín díẹ̀, àmọ́ ọkàn yín á balẹ̀. Kó má hó o, torí híhó ń tú ohun tó ń sọ ọtí di rúúrùu jáde. Bó bá jẹ́ omi àjàrà inú páálí lẹ fẹ́ lò, ẹ ka ara rẹ̀: bí ẹ bá rí sodium benzoate tàbí potassium sorbate, ẹ gbé e sílẹ̀, wọ́n fi í síbẹ̀ láti dá yíìsì dúró ni.

Ike lítà 16 sí 20 ni kí ẹ lò fún lítà 10, torí yóò tún hó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde á gbé èèpo gbogbo sókè, yóò di bí ẹní lórí ọtí. Bí ẹní yẹn bá gbẹ, kantíkantí á dé, bakitéríà fínígà sì ń gun ẹsẹ̀ wọn kiri. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi ṣíbí gígùn tí ẹ ti bọ̀ lómi gbígbóná tì í sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Títẹ̀ ni, kì í ṣe rírò. Rírò ń kó atẹ́gùn wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ méje èèpo á ti ṣì, á dà bí èyí tí wọ́n jẹ tu. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ láìfún un pa, kí ẹ fi ọtí náà sínú ohun tó kún dé ọrùn, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó rò.

Àwọ̀ rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí zobo rí, ẹ ti rí bí pupa rẹ̀ ṣe ń là. Irú àwọ̀ kan náà ló wà nínú èèpo àjàrà: níbi tó bá ti kan ló ń pupa roro, níbi tí kò kan ó ń ṣú lọ sí àwọ̀ aró. Ìdí nìyẹn tí àjàrà fi dára lójú nínú bíà kíkan ju bíà lásán lọ.

Bí ọtí bá ń fà bí ilá, bakitéríà kan ló wọ̀ ọ́. Ní Bẹ́ljíọ̀m wọ́n á dúró oṣù púpọ̀ kó lọ; nílé, ẹ dà á nù. Awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀ túmọ̀ sí pé atẹ́gùn wọlé: ẹ fa ọtí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tètè lò ó. Irun aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, ìdànù ni. Ẹ má sì gbìyànjú láti gbé èyíkéyìí lọ sórí iná kí ẹ fi di ògógóró. Ibẹ̀ ni ewu mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí tó jẹ́ májèlé, wà, kò sí nínú bíà tí a kò sè jáde.

Ìgò ló kù, òun ló sì ń ṣe ènìyàn léṣe. Ẹ ka haidirómítà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye rẹ̀ bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ dúró. Nígbà tó bá dúró sójú kan, gíráàmù 6 ṣúgà fún lítà kan ló máa jẹ́ kó ní ìfófòó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ìgò wáìnì kò gba agbára afẹ́fẹ́, á fọ́. Ìgò ike tí mínírà wà nínú rẹ̀ rí ló dára jù: ẹ fi ààyè ìka méjì sílẹ̀ lókè, ẹ sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Bó bá ti le gan-an bíi ti mínírà tuntun, nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ kó o sínú fíríìjì. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tú ìdérí èyí tó bá le jù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ sá jáde, kí ẹ sì tún un dé.